Àwo Inú Àpótí Ìyá Ọ̀gá

Orin kan, CD kan. Ìṣirò tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi nìyí, kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Bí a bá gba ohùn ẹnì kan ṣoṣo sínú kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú kan, ní ìwọ̀n tí CD ń lò, yóò jẹ tó mẹ́gábáìtì 5. Kí orin náà wá gùn tó ìṣẹ́jú 5, kí ó ní tíràkì 24, ìyẹn ohùn aṣíwájú, ohùn àwọn elégbè, gìtá, kíbọ́ọ̀dù, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti lé ní mẹ́gábáìtì 600 nìyẹn. Àwo òfìfo kan kò sì gbà ju 700 lọ. Kọ̀ǹpútà wa, tókunbọ̀ tí ọ̀gá gbé wá láti Computer Village ní Ìkẹjà, gígábáìtì 40 péré ni háàdì díìsìkì rẹ̀, Windows àti gbogbo ẹrù rẹ̀ sì ti gba àyè tiwọn níbẹ̀. Bí orin bá ti ń súnmọ́ 50, a ti ń wá èyí tí a ó lé jáde.

Láàárín ọdún 2002 sí 2007 ni mo ń sọ, ní Odò-Ọnà, Ìbàdàn, nínú yàrá kan tí onílé kọ́ sẹ́yìn ilé fún ọmọ ọ̀dọ̀, tí ọ̀gá mi sì sọ di sítúdíò. Ó kan páálí ẹyin mọ́ ògiri yíká, ó so fóòmù ògbólógbòó mọ́ ilẹ̀kùn. Títí di òní n kò gbà pé páálí ẹyin yẹn ṣe nǹkan kan fún ohùn. Oníbàárà ló wà fún, kí ó lè gbà pé sítúdíò lòun wọ̀. Bí a bá fẹ́ gba ohùn, a ó pa fáànù, a ó ti fèrèsé, ooru á wá dojú kọ wá. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ń wá, àwọn àlhájà tó ń kọ wákà ń wá, àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ ṣe ráàpù bíi ti ará Amẹ́ríkà ń wá, bàbá alágbo tó fẹ́ ìpolówó tí wọn yóò máa lò lórí rédíò náà ń wá. Wọ́n á kọrin, wọ́n á sanwó tàbí kí wọ́n ṣèlérí rẹ̀, wọ́n á gba CD wọn, ó dìgbà. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, ìyẹn ohùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wà kí a tó pò ó pọ̀.

Iná ló ń pinnu iṣẹ́ tí a ó ṣe. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I-better-pass-my-neighbour wà lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kí máìkì gbọ́ nǹkan mìíràn. Nítorí náà, iná NEPA la fi ń gba ohùn, jẹnẹrétọ̀ la fi ń pò ó. Ní 2005 wọ́n yí orúkọ NEPA padà sí PHCN. Iná ọ̀hún kò gbọ́. Akọrin á ti dé ibi tí orin ti wọ̀ ọ́ lára, ojú á ti dì, á kàn ṣú biribiri. UPS abẹ́ tábìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí òun náà dákẹ́. Ọ̀gá kì í wo ojú akọrin nígbà náà. Ọwọ́ mi ló ń wò.

"Ọwọ́ òsì ẹ ńkọ́?"

Ìka kan gbọ́dọ̀ wà lórí Ctrl, èkejì lórí S, láti séèfù iṣẹ́, ní gbogbo ìgbà tí akọrin bá ti mí. Ó wọ̀ mí lẹ́wù débi pé mo máa ń bá ọwọ́ òsì mi níbi tó ti ń tẹ tábìlì oúnjẹ.

Ohun tí iná òjijì sábà máa ń bà jẹ́ kì í ṣe ohùn fúnra rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kú níbi tó ti ń kọ nǹkan sílẹ̀, ohùn lè wà lórí díìsìkì, kó jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ibi tó wà ló ya. Bí iná bá dé, Windows 98 á gbé ojú aláwọ̀ búlúù rẹ̀ wá, ScanDisk tó ń yẹ díìsìkì wò á máa ṣa àwọn àjákù tí kò ní bàbá jọ, á fún wọn lórúkọ: FILE0000.CHK, FILE0001.CHK. Pàǹtí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà wọ́n sí, wọ́n á pa wọ́n rẹ́ kí ẹ̀rọ lè láàyè. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan nǹkan kan. Á yí ìrù orúkọ náà padà sí wav, irú fáìlì tí a ń gba ohùn sí, á tẹ̀ ẹ́. Ìgbà míì ariwo ṣáá ni. Ìgbà míì, ohùn àwọn elégbè tí a ti rò pé ó lọ á yọ jáde, ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ètò tí a ń lò ni Cool Edit Pro, tí ilé iṣẹ́ Syntrillium ní Arizona ṣe. Adobe rà á ní 2003, wọ́n sì sọ ọ́ di Audition, ṣùgbọ́n Cool Edit la ṣì ń pè é ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń ṣe bíìtì ń lo FruityLoops ti àwọn ará Belgium, tó di FL Studio ní ọdún 2003 kan náà. Mi ò rí ẹni tó sanwó ọ̀kankan nínú wọn fún àwọn tó ni ín. CD kan tó kún fún oríṣiríṣi ètò là ń rà lọ́wọ́ àwọn tó tẹ́ ọjà sójú títì.

Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, fáìlì tí èèyàn ń séèfù kì í ṣe orin. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àlejò òde ìnáwó sí ni: kí lágbájá jókòó síbí, kí tàmẹ̀dò jókòó sọ́hùn-ún, ẹni báyìí ni yóò kọ́kọ́ jáde. Àlejò fúnra wọn kò sí nínú ìwé náà. Fáìlì Cool Edit mọ ìṣẹ́jú àáyá tí ohùn aṣíwájú ń wọlé, ó mọ̀ pé a rẹ gìtá sílẹ̀, ó mọ̀ pé elégbè kan wà lápá òsì, àmọ́ inú fáìlì wav tiwọn ni ohùn wọ̀nyí wà, nínú fódà mìíràn, nígbà míì nínú díráífù mìíràn. Bákan náà ni FruityLoops. Ó mọ ìgbà tí ìlù ń dún, kò gbé ìlù dání, àyàfi bí ẹni tó ń lò ó bá mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di àwọn ohùn náà mọ́ ọn.

Nítorí pé fáìlì yìí kéré, ó máa ń wọ inú flọ́pì, tí kò gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Ọmọkùnrin kan wá láti Ṣakí, ó fi náílọ́ọ̀nù wé flọ́pì kan sínú àpò ẹ̀wù, ó ní kí a bá òun pò ó.

"Orin mélòó ni?" ni ọ̀gá bi í.

"Mẹ́jọ, sà. Odindi álíbọ́ọ̀mù ni. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Ọ̀gá wo flọ́pì, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀. A ṣí i. Orúkọ gbogbo tíràkì pé, kò sí ẹyọ ohùn kan. Ẹ̀rọ náà ń béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé ibo ni èyí wà, ibo ni tọ̀hún wà. Kọ̀ǹpútà ìbátan rẹ̀ tí wọ́n fi gbà á ni wọ́n ti tà ní oṣù tó ṣáájú. Ọ̀gá rán mi pé kí n ra mínírà wá fún un, a jókòó tì í títí ó fi lè dìde.

Òfin sítúdíò wa kò tinú ìwé jáde. Àwọn ọjọ́ bí irú èyí ló bí i. Bí iṣẹ́ bá parí, a kì í fi ìwé àlejò nìkan sílẹ̀. Tíràkì kọ̀ọ̀kan, bó tiẹ̀ jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n lu agogo láàárín orin, a ó sọ ọ́ di fáìlì wav kan tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo gangan, tí òfìfo á kún iwájú rẹ̀. Ẹni tó bá rí wọn lẹ́yìn ogún ọdún, ètò yòówù kó máa lò, kó ṣáà to gbogbo wọn jọ sí ìbẹ̀rẹ̀, wọn yóò bá ara wọn mu. Ó ń jẹ àyè, òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí orin kan fi ń gba CD kan. Lẹ́yìn náà, orúkọ. Ẹ̀rọ á fẹ́ pè é ní Track 7. A ó pè é ní "elegbe obinrin 2". A ó kọ bí orin ṣe yá tó àti ohùn tó wà sínú bébà, a ó tì í mọ́ àwo. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé ọ̀gá kò gbọ́kàn lé àkọsílẹ̀ nìkan. Kí akọrin tó bẹ̀rẹ̀, á súnmọ́ máìkì fúnra rẹ̀, á pe orúkọ akọrin, orúkọ orin, ìgbà kelòó tí wọ́n ń gbà á, àti ọjọ́. Orúkọ fáìlì lè yí padà, bébà lè já. Ohùn tó wà nínú ohùn kò níbi tí yóò gbà lọ.

Bíbọ́ọ̀nù CD wá jẹ́ iṣẹ́ òru. Ètò kan tó ń jẹ́ Nero la fi ń ṣe é, ọ̀gá kì í sì í jẹ́ kí a sáré rẹ̀ kọjá ìlọ́po 4, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara páálí ẹ̀rọ náà sọ pé ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan máọ̀sì. Ẹ̀rọ tí a fi ń kọ nǹkan sórí CD nígbà náà fẹ́ kí ohùn máa ṣàn wá láìdáwọ́ dúró. Bí kọ̀ǹpútà bá fi iṣẹ́ mìíràn ṣeré díẹ̀, àwo ti bàjẹ́. Bí iná bá lọ, bákan náà. A fi àwọn tó bàjẹ́ kọ́ sára àgbàdo ẹ̀yìnkùlé láti fi dẹ́rù ba ẹyẹ.

Ẹ̀dà méjì la ń ṣe. Ọ̀kan á wà ní sítúdíò. Èkejì, ọ̀gá á gbé e lọ sí Òkè Ààrẹ, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, sínú àpótí tí ìyá náà ń kó aṣọ òkè rẹ̀ sí. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó rí i kà pé Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, sọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ di olókìkí: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan wà níta. Ọ̀gá mi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Omi odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ló kọ́ ọ. Omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ló gbé gbogbo àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá rẹ̀ lọ, àti fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó gbà pé ohun tí èèyàn kò bá fẹ́ kó nù gbọ́dọ̀ lẹ́nì kejì lórí òkè.

Màmá kò bá wa jiyàn. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún ni pé a kò mú dígí tó dáa wá. Á gbé CD kan sókè, á fi wo ìlà ojú rẹ̀, á ní, "Èyí tẹ́ ẹ tún gbé wá yìí náà, ihò ti wà láàárín ẹ̀." Ọ̀gá á bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà má ju káńfọ̀ sí àárín wọn.

Nígbà tí fúláṣì dé, tí gbogbo ọmọ sítúdíò ń gbé e kọ́rùn, ọ̀pọ̀ rò pé ìyà ti tán. Mẹ́gábáìtì 128, lẹ́yìn náà 256, tí kò fẹ́ iná, tí kò fẹ́ Nero. Ohun tí ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé ni fáírọ́ọ̀sì. Èèyàn á ki fúláṣì bọ ẹ̀rọ ní káfè, á gbé e wálé, fódà rẹ̀ á ti fara pamọ́, irọ́ fódà tó jọ ọ́ á dúró sípò rẹ̀. Ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ ni wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ya kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan sọ́tọ̀ tí fúláṣì oníbàárà kọ́kọ́ ń kàn, kò sì so ó mọ́ èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, mo gbà pé àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pa iṣẹ́ run ju fáírọ́ọ̀sì lọ. Oògùn kan ni wọ́n ní fún gbogbo àìsàn: fọ́ọ̀mátì. Ẹ̀rọ ń falẹ̀, fọ́ọ̀mátì. Kò dún, fọ́ọ̀mátì. Wọn kì í béèrè ohun tó wà lórí Desktop, ojú Desktop sì ni ọ̀pọ̀ ń kó ilé ayé wọn sí. Sítúdíò kan tí kò jìnnà sí wa pàdánù iṣẹ́ ọdún méjì bẹ́ẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí, nígbà tí ẹni tó ni ín lọ jẹun ọ̀sán.

Ẹ ó wí pé ṣebí àwọn orin náà ṣì wà. Wọ́n wà o. Nígbà náà, bí a bá gbé orin jáde lónìí, àwọn tó ń dà á kọ ní ọjà Àlàbá ní Èkó á ti tà á dé Kánò kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ogójì orin nínú CD MP3 kan. A bú wọn títí, wọ́n sì yẹ fún èébú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ orin ìgbà náà, ọwọ́ wọn nìkan ló kù sí. Orin tó ti parí kì í ṣòro láti rí. Èyí tó ń kú láìsí ẹni tó gbọ́ ni àwọn ohùn tí wọ́n fi ṣe é. Kì í sì í ṣe tálákà nìkan ló ń ṣe. Iná jó ilé ìpamọ́ kan ní ọgbà Universal ní California ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2008, ó sì di 2019 kí ìwé ìròyìn New York Times tó tú u síta pé téèpù ìpìlẹ̀ àwọn olórin ńláńlá wà nínú ohun tó jóná. Orin àwọn olórin náà ṣì ń tà káàkiri ayé. Kò kàn sí ẹni tó tún lè yọ ìlù inú àwọn tó jóná kúrò lára dùùrù ní mímọ́ gaara mọ́.

Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn láti ìrọ̀lẹ́ di òru. Ó lé ní 100 èèyàn tó bá a lọ, afárá wó, ilé wó. Nígbà tí mo dé Odò-Ọnà, ìlà omi wà lókè fèrèsé sítúdíò. Páálí ẹyin ti rẹ, ó ti já bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá jókòó sórí bùlọ́ọ̀kù níta, ó ń fọ CD pẹ̀lú omi ìgò, ó ń nù ún láti àárín lọ sí etí, bó ṣe yẹ. Díẹ̀ nínú wọn tún kà. Kọ̀ǹpútà kò tún mí mọ́. Lọ́jọ́ kejì ó gun ọ̀kadà lọ sí Òkè Ààrẹ, ó ní òun fẹ́ lọ kí Màmá.

Nínú àpótí yẹn la ti rí Ìyá Ìsẹ́yìn. Ní 2004 ló wá kọ rárà ìyàwó fún wa, nítorí ẹnì kan láti Èkó tó fẹ́ fi bíìtì sí i fún fíìmù. Bíìtì ọ̀hún pọ̀ jù. Kíbọ́ọ̀dù bo ọ̀rọ̀, ohùn ìyá náà wá ń yọ orí lókè nígbà mìíràn bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà. Ní 2013, ó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá ọ̀gá. Orin náà wà lórí fóònù wọn. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kíbọ́ọ̀dù.

"Ẹ bá wa yọ ọ́ kúrò, ẹ̀gbọ́n. Ohùn Màámi nìkan la fẹ́."

Nígbà náà, kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́ kúrò nínú orin tí a ti pò. Lóde òní, láti ìgbà tí Deezer ti gbé Spleeter jáde ní 2019, àwọn ètò kan ń ya ohùn sọ́tọ̀. Mo ti lò wọ́n, ohùn tó ń jáde máa ń dà bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ní 2013 yẹn, ọ̀gá lọ sí Òkè Ààrẹ. Ètò tuntun tó wà lórí ẹ̀rọ mi kò ṣí fáìlì Cool Edit inú àwo náà, a kò sì bá a fà á. A tẹ wav kẹta. Ohùn ọ̀gá ló kọ́kọ́ jáde, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin: "Ìyá Ìsẹ́yìn, rárà ìyàwó, ìgbà kẹta." Ohùn kejì dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀:

"Ta lò ń pè ní Ìyá Ìsẹ́yìn? Èmi ò lórúkọ ni? Ẹ tan fáànù yín jàre, ẹ fẹ́ pa mí."

Ó wúkọ́, ó béèrè obì, ẹnì kan fún un, ó jẹ ẹ́, a gbọ́ jíjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé rárà. Kò sí ọ̀kankan nínú èyí lórí orin tó jáde. Mo ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ láti gé iwájú rẹ̀ kúrò, nítorí ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ nìyẹn. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin dì mí lọ́wọ́ mú. Níbi ìrántí náà, lórí gbohùngbohùn tó gba gbogbo àdúgbò, èébú tí ìyá náà bú ọ̀gá mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, gbogbo òde sì rẹ́rìn-ín kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni èmi àti ọ̀gá ti ń jiyàn. A ti kó èyí tó ṣì kà nínú àwọn àwo náà sórí díráífù ìta méjì, térábáìtì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi. Àwọn olówó pọ́ọ́kú ló kọ́kọ́ kú nínú àwo. Bí a bá gbé wọn síwájú ìmọ́lẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ á hàn lára wọn. Ọ̀gá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gòkè sórí Google Drive, títí kan ìgbà kìíní àti ìgbà kejì tí kò dára, ikọ́ àti àwáwí. Èmi ní kí a fi èyí tó dára nìkan ránṣẹ́, nítorí ìwọ̀n rẹ̀. Ó ní kí n sọ èyí tí mo mọ̀ pé kò dára. N kò rí ti Ìyá Ìsẹ́yìn sọ, mo sì ti gbà fún un. Owó dátà la kò tíì fẹnu kò lé lórí.